Àbádòfin ilé gbígbé l'Ékòó ti kọjá kíkà kejì: ṣé mo lè sọ fún ajẹ́ńtì pé n kò san?

Ìyá Sùlíyà, Ìyànà Ìpájà

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Mo ti rí ilé kan ní àdúgbò wa, yàrá méjì pẹ̀lú pálọ̀, ₦600,000 lọ́dún. Wọ́n ní ọdún méjì ni onílé fẹ́ gbà lẹ́ẹ̀kan. Ajẹ́ńtì wá ṣírò owó fún mi: owó ilé ₦1,200,000, àgírímẹ́ǹtì ₦120,000, kọ̀mísọ́nù ₦120,000, kọ́ṣọ̀n (owó tí wọ́n ń dì mú nítorí ohun tó bá bàjẹ́ nílé) ₦100,000. Àpapọ̀ ẹ̀ jẹ́ ₦1,540,000. Ṣé mo fẹ́ yá ilé ni àbí mo fẹ́ rà á?

Mo gbọ́ lórí rédíò lóṣù Keje ọdún 2025 yìí pé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Èkó ti ka àbádòfin tuntun lórí ọ̀rọ̀ onílé àti ayálégbé lẹ́ẹ̀kejì, pé ajẹ́ńtì kò gbọdọ̀ gbà ju ìdá 5 nínú 100 lọ. Mo sọ ọ́ fún ajẹ́ńtì, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mọ̀mí, ẹ lọ gbé òfin yẹn wá kí n rí i." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Ṣé òfin ti dé ni àbí kò tíì dé? Tí mo bá ní n kò san, ṣé mo rí ẹsẹ̀ dúró lé? Ọ̀túnla ni wọ́n ní kí n mú owó wá, ẹlòmíì sì ti ń yọjú sí ilé náà.

Bọ̀dá Táyọ̀

Ìyá Sùlíyà, ẹ má jẹ́ kí òfin tí wọn ò tíì fọwọ́ sí gba ilé mọ́ yín lọ́wọ́. Bí ẹ ṣe ń rojọ́ lẹlòmíì ń gba kọ́kọ́rọ́. Ẹ ná an díẹ̀, ẹ san án, ẹ kó wọlé. Ó parí.

Ọmọ Aláùsá

Ẹ kú ìrójú, mọ̀mí. Iṣẹ́ mi máa ń gbé mi dé ilé aṣòfin Èkó ní Aláùsá, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe ń lọ, nítorí ẹ̀rín tí ajẹ́ńtì yẹn rín nídìí díẹ̀.

Kíkà àkọ́kọ́ kò ju kí akọ̀wé ilé ka orúkọ àbádòfin sétígbọ̀ọ́ gbogbo ilé lọ. Ẹnikẹ́ni kì í jiyàn níbẹ̀. Nígbà kíkà kejì ni àwọn aṣòfin máa ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan láti sọ bóyá nǹkan náà dára àbí kò dára. Ibẹ̀ ni tiwa yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò. Gbogbo ohun tí wọ́n fẹnu kò lé lórí kò ju pé èrò náà dára, kí wọ́n máa bá a lọ. Wọn ò tíì fọwọ́ kan ẹsẹ òfin kankan níbẹ̀.

Ó ti wá di ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilé gbígbé. Ọ̀dọ̀ wọn gan-an niṣẹ́ wà. Wọ́n lè pe onílé, ajẹ́ńtì, lọ́yà àti aráàlú sí ìpàdé ìta gbangba. Ìdá 5 tí ẹ gbọ́ yẹn lè di 10 níbẹ̀, ó lè di 3, wọ́n sì lè yọ ọ́ dànù. Tí ìgbìmọ̀ bá jábọ̀, gbogbo ilé á jókòó, wọ́n á máa gbà á ní ẹsẹ kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó kà á lẹ́ẹ̀kẹta. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n á tẹ ẹ̀dà tó mọ́ ránṣẹ́ sí gómìnà.

Abala 100 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 fún gómìnà ní 30 ọjọ́ láti sọ bóyá òun fọwọ́ sí i tàbí òun kọ̀. Tó bá kọ̀, ilé lè tún un gbé dìde. Tí ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn bá gbà á, ó di òfin láìsí ọwọ́ gómìnà níbẹ̀. Aṣòfin 40 la ní l'Ékòó, méjì méjì láti ìjọba ìbílẹ̀ 20, nítorí náà 27 ni wọ́n gbọ́dọ̀ rí. Ẹ má fọkàn sí ìyẹn jù ṣá. N kò tíì rí ilé aṣòfin tó máa tìtorí owó ajẹ́ńtì bá gómìnà fà á.

Ilé kan náà ló fi oṣù Kìíní dé oṣù Kẹta ọdún 2025 fa ọ̀rọ̀ àga Abẹnugan. Ẹni tó bá rò pé wéré ni wọ́n á parí ti ayálégbé, kó mu omi tutù.

Àǹtí Lọ́yà

Òótọ́ ni Ọmọ Aláùsá sọ, àmọ́ iwájú ni gbogbo yín ń wò, ẹ ò wẹ̀yìn. Èkó ti ní òfin ayálégbé láti 2011. Ayé Gómìnà Fáṣọlá ni, ó sì ṣì wà níbẹ̀ bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Ohun tó sọ nípa ayálégbé tuntun bíi ti Ìyá Sùlíyà ni pé onílé kò gbọdọ̀ béèrè, kò sì gbọdọ̀ gba owó tó ju ti ọdún kan lọ. Ẹni tó ti ń gbé inú ilé tẹ́lẹ̀, tó bá ń san lóṣooṣù, oṣù mẹ́fà ni òpin. Tó bá ń san lọ́dọọdún, ọdún kan ni.

Ẹ wá gbọ́ èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀. Òfin yẹn ní ayálégbé tuntun tó bá san ju ọdún kan lọ ti rú òfin bákan náà. Ìyà ẹ̀ jẹ́ ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta, ẹni tó gbà á àti ẹni tó san án. Bọ̀dá Táyọ̀, ṣé ẹ rí ibi tí ẹ ń ti ìyálé ilé sí?

Ibi tí òfin náà kò dé ni Àpápá, GRA Ìkẹjà, Ìkòyí àti Victoria Island. Ìyànà Ìpájà wà nínú ẹ̀ dáadáa.

Mọ̀mí, ìdá 5 yẹn kò tíì ṣe é gbá mú, ẹ fi í sílẹ̀ fún àwọn aṣòfin. Ọ̀rọ̀ ọdún méjì ni kẹ́ ẹ dì mú, nítorí òun ló fẹ owó ajẹ́ńtì náà. Tó bá di ọdún kan, ìdá 10 tó ń béèrè lápá kọ̀ọ̀kan bọ́ sí ₦60,000. Ẹ ṣírò ẹ̀: 600, 60, 60, àti kọ́ṣọ̀n 100, ó di ₦820,000. Ẹ̀ẹ́ ti yọ ₦720,000 kúrò láìdúró de gómìnà kankan.

Ẹ má bá ajẹ́ńtì jà lórí fóònù o. Ẹ ní ẹ fẹ́ rí onílé lójúkojú. Tí ọ̀rọ̀ bá le, ẹ gba Citizens Mediation Centre ti ìjọba Èkó lọ. Wọ́n á pe ẹ̀gbẹ́ méjèèjì jókòó, wọn kì í gba kọ́bọ̀. Ohunkóhun tí ẹ bá san, ẹ gba rìsíìtì.

Bàbá Onílé

Ẹ̀yin ọmọ, mo nílé ní Ìpájà, ẹ jẹ́ ká sọ tiwa náà. Sìmẹ́ńtì wọ́n, páànù wọ́n, káfíńtà ò gba owó àná mọ́. Tí mo bá gba ọdún kan, tó di ọdún kejì tí ayálégbé ní òun ò ní, ọ̀nà kóòtù ló kù fún mi: nóòtìsì oṣù mẹ́fà fún ẹni tó ń san lọ́dọọdún, nóòtìsì ọjọ́ méje lé e, lẹ́yìn náà ká máa gbọ́ "ẹ padà wá lóṣù tó ń bọ̀". Ìdí tá a fi ń gba ọdún méjì nìyẹn, kì í ṣe ojúkòkòrò. Mo tún gbọ́ pé àbádòfin yìí fẹ́ kí ayálégbé máa pe onílé lẹ́jọ́ tó bá fowó kún ilé. Ọjọ́ tí wọ́n bá pe ìpàdé ìta gbangba, iwájú pátápátá ni màá jókòó sí.

Àǹtí Lọ́yà

Ẹ kú ọ̀rọ̀, bàbá. Ti kóòtù tó ń falẹ̀ yẹn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún ìgbìmọ̀ náà o. Ayálégbé gan-an ò ní bá yín jiyàn lórí ìyẹn.

Ará Ọ̀tà

Ṣé àwa tá a wà ní Ọ̀tà àti Àkútè náà máa jẹ níbẹ̀? Èkó la ti ń ṣiṣẹ́.

Ọmọ Aláùsá

Rárá o. Ìpínlẹ̀ Ògùn ní aṣòfin 26 tiwọn l'Ábẹ́òkúta. Ibodè ni òfin Èkó ti ń padà.

Ọmọ Èkó ní Maryland

Ẹ kúulé o. Lọ́dọ̀ wa níbí ní Maryland ti Amẹ́ríkà, 90 ọjọ́ péré ni ilé aṣòfin fi ń jókòó lọ́dún, oṣù Kìíní sí oṣù Kẹrin. Ilé méjì ni wọ́n, ẹni 47 nínú ọ̀kan, 141 nínú èkejì, àbádòfin sì gbọ́dọ̀ la méjèèjì kọjá. Àmọ́ gbogbo àbádòfin ló ní nọ́ńbà. Ẹ̀ẹ́ tẹ nọ́ńbà yẹn sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀ẹ́ rí ibi tó dé. Mo ti jókòó sí kíṣìnì mi rí, tí mo bá ìgbìmọ̀ wọn sọ̀rọ̀ lórí owó ilé. Ṣé irú ẹ̀ wà l'Ékòó?

Ọmọ Aláùsá

Ti jíjókòó sí kíṣìnì yẹn, ẹ ṣì máa wọ mọ́tò dé Aláùsá. Ohun kan wà tí ti Maryland ò ní ṣá: lọ́jọ́bọ̀, èdè Yorùbá ni wọ́n fi ń jókòó nílé aṣòfin Èkó. Ẹni tí gẹ̀ẹ́sì ò yé lè lọ gbọ́ ọ fúnra ẹ̀. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé tí wọ́n bá pe ìpàdé ìta gbangba, ẹgbẹ́ onílé á wá, ẹgbẹ́ ajẹ́ńtì á wá pẹ̀lú ìwé tí wọ́n tẹ̀ dáadáa, ayálégbé á wà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀yìn ìgbà tí òfin bá ti jáde la máa tó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo.

Ìyá Sùlíyà

Mo dúpẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo rí onílé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí n san, ẹ fetí sílẹ̀: bàbá náà ní òun ò sọ ọdún méjì fún ẹnikẹ́ni, ọdún kan àtààbọ̀ lòun sọ. Mo rọra mẹ́nu ba òfin 2011, ọmọ wọn tó jókòó síbẹ̀ ní òun náà ti kà á rí. A fàbọ̀ sí ọdún kan. Ajẹ́ńtì ń bínú, ṣùgbọ́n ó ti gbà ₦100,000 fún àgírímẹ́ǹtì àti kọ̀mísọ́nù pa pọ̀. Kọ́ṣọ̀n la ṣì ń fà, wọn ò fẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé pé wọ́n á dá a padà.

Ọmọ Aláùsá, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe máa kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ yẹn? Ọ̀rọ̀ kọ́ṣọ̀n yìí ni mo fẹ́ kọ, nítorí n kò gbọ́ kí wọ́n mẹ́nu bà á lórí rédíò.

Ọmọ Aláùsá

Ojú ìwé kan ti tó. Ẹ kọ orúkọ àbádòfin sókè, kẹ́ ẹ sọ pé ayálégbé ni yín àti àdúgbò yín. Ẹ sọ iye tí wọ́n gbà fún kọ́ṣọ̀n nílé tí ẹ ti ń bọ̀, bóyá wọ́n dá a padà, àti ohun tí ẹ fẹ́ kí òfin sọ gan-an: ọjọ́ mélòó kí wọ́n fi dá a padà, kí ni ìyà ẹni tí kò dá a padà. Má dárúkọ onílé kankan. Ẹ ṣe é ní ẹ̀dà méjì, ẹ mú un lọ sí ọ́fíìsì akọ̀wé ilé ní Aláùsá, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí èyí tí ẹ máa mú padà. Ẹ fi ẹ̀dà kẹta ránṣẹ́ sí aṣòfin ẹkùn ìdìbò yín, Alimọṣọ 1 tàbí 2, ẹ fi wọ́ọ̀dù tó wà lórí káàdì ìdìbò yín béèrè èyí tó jẹ́. Tí ẹ bá kọ ọ́ tán, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi níbí, màá bá yín tẹ̀ ẹ́.