Re: "ìrọ̀mọ́kókó": kókó kọ́ ni orí ọ̀rọ̀ o

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú ìjókòó o. Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń ka ohun tẹ́ ẹ ń kọ lórí ọ̀rọ̀ tá a máa lò tí èèyàn bá kọ nǹkan tí kò sì kúrò lórí ohun tó ní òun fẹ́ kọ, mi ò fẹ́ dá sí i tẹ́lẹ̀, àmọ́ nígbà tí ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Ìkòròdú ní ká gba "ìrọ̀mọ́kókó" wọlé kí ó tán síbẹ̀, mi ò lè pa á mọ́ra mọ́.

Ẹ̀gbọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n "kókó" tó wà nínú ẹ̀ ló bà á jẹ́. Kókó kì í dá wà. Igi kan ṣoṣo, kókó ara ẹ̀ lè tó mẹ́wàá, àmọ́ orí kan ni Elédùwà gbé lé ọrùn ẹnikẹ́ni. Torí ẹ̀ la ṣe ń sọ fáwọn ọmọ ní kíláàsì pé orí ọ̀rọ̀ kan ni, ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan á wá ní kókó tiẹ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ èyí tí ojú mi rí. Ẹ̀pẹ́ ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá. Ní táàmù tó kọjá mo ní kí wọ́n kọ àròkọ, "Ọjà tí mo fẹ́ràn jù". Ọmọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ látorí ọjà ẹja ní Olúwo, àwọn ìyá tó kó ẹja àrọ̀ sínú báàfù, bí omi ẹja ṣe ń ta sí èèyàn lẹ́sẹ̀, ó dùn débi pé òórùn ẹja yíyan ń ti inú ìwé jáde sí mi. Ìpínrọ̀ kejì, ọ̀nì tí wọ́n fokùn dì lẹ́nu sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà. Ìkẹta, ibi tí ọ̀nì ń yé ẹyin sí. Ìkẹrin, àbúrò bàbá ẹ̀ tó ra ọ̀nì fún ìnáwó. Ìkarùn-ún, ìgbéyàwó àbúrò bàbá náà n'Íjẹ̀bú-Òde, aṣọ tí wọ́n wọ̀, fújì tí wọ́n jó. Ọmọ yẹn rọ̀ mọ́ kókó o! Kò sí ìpínrọ̀ kan níbẹ̀ tí kókó ẹ̀ ò dúró dáadáa. Ọjà ni ò sí mọ́. Tó bá jẹ́ "ìrọ̀mọ́kókó" là ń wá, gbogbo máàkì ló yẹ kí n gbé fún un.

Ohun tó ṣe é ti ní orúkọ lédè wa tipẹ́: ó yà bàrá. Bàbá tó bí bàbá mi ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu wọn, lórí ọ̀sà, nígbà tá à ń tukọ̀ lọ sí Èjìnrìn. Wọ́n á mú igi kan ní òdìkejì omi, wọ́n á tẹjú mọ́ ọn, wọ́n á ní kí n máa fa àjẹ̀. Tí mo bá ti ń wo òṣíbàtà tàbí ẹyẹ, orí ọkọ̀ á ti ṣẹ́ sápá òsì. Bàbá ò ní pariwo, wọ́n á kàn fi àjẹ̀ tiwọn gbá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kó! "Ó yà bàrá, dá a padà." Torí náà, "àìyàbàrá" tí àǹtí wa láti Àgbádárìgì mú wá ni mo fara mọ́. Ẹni tó tẹ "àìyàbàrà" lánàá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá àmì òkè padà sórí "rá" yẹn, bàrà la ń gbìn sóko fún ẹ̀gúsí.

Àwọn kan ní "àì-" ò dáa, pé nǹkan burúkú ló ń bí, àìsàn, àìní, àìmọ̀kan. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àìṣègbè ńkọ́? Àìṣojúsàájú ńkọ́? Ire àìkú tá à ń tọrọ láràárọ̀ ńkọ́? Ohun tá a kọ̀ ni ká wò, tí ìyẹn bá burú, ire ni "àì-" máa mú bọ̀. "Ìkòyàbàrá" tẹ́nì kan wá fẹ́ fi rọ́pò ẹ̀ yẹn ò tiẹ̀ ṣeé gbọ́ sétí, ta ló ń pe àìsùn ní ìkòsùn?

Bàbá wa kan ní "àyà" làwọn ń rí nínú ẹ̀, torí "aiya" ni wọ́n kọ́ àwọn nílé ìwé. Bàbá, òótọ́ lẹ sọ, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nígbà yẹn, àmọ́ látìgbà tí wọ́n ti fọwọ́ sí àkọtọ́ ní 1974, "aiya" ti di àyà, "aiye" ti di ayé. "Ì" tẹ́ ẹ rí nínú "àìyàbàrá" yìí, ẹ pè é jáde, iṣẹ́ ló ń ṣe níbẹ̀.

Ní ti ẹni tó ní kí ará Ẹ̀pẹ́ lọ máa ta ẹja, pé kí la mọ̀ nínú Yorùbá, ó dùn mí gan-an, mo sì máa fèsì ẹ̀ lábẹ́ orí ọ̀rọ̀ míì, mi ò ní fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ máa pa làpálàpá.

Lórí ìwé ọmọ yẹn, bírò pupa ni mo fi kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpínrọ̀ kẹta: "Ibí lo ti yà bàrá." Ó kà á, ó mi orí, ó jókòó, ó tún un kọ. Kò bi mí ní ìtumọ̀ ẹ̀.