Kí la ó pe jìtá oníná tí kì í ṣe pákó dídì?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú àròjinlẹ̀ o.

Àbúrò wa tó ń kọ ìtọ́sọ́nà fún àwọn tó fẹ́ ra jìtá oníná ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Àwọn jìtá tí inú wọn kì í ṣe pákó dídì ló ń kọ nípa rẹ̀, àwọn tí owó wọn ṣì mọ níwọ̀n. Ó to márùn-ún kalẹ̀: Ibanez AF75, Ibanez AS73, Epiphone Casino, Gretsch G2420 àti Gretsch G2622. Ó wá bèèrè pé kí ni ká máa pe èyí tí Òyìnbó ń pè ní hollow body (èyí tí gbogbo inú rẹ̀ jẹ́ àyè), kí sì ni ká máa pe semi-hollow (èyí tí igi gba àárín inú rẹ̀). Kí n tó dé, "jìtá òfìfo", "jìtá oníhò" àti "jìtá oníkùn" ti wọlé. Ẹ̀gbọ́n kan sì fi "jìtá ààbọ̀ òfìfo" lé e fún semi-hollow.

Ẹni tó fẹ́ rajà ni orúkọ yìí wà fún. Bí kò bá sọ ohun tó wà nínú jìtá fún un, yóò ra èyí tí kò bá iṣẹ́ rẹ̀ mu, torí pé AF75 àti AS73 jọra gan-an nínú àwòrán lójú ẹni tí kò tíì di ọ̀kan mú rí. Inú ni wọ́n ti yàtọ̀, inú náà ló sì yẹ kí orúkọ ti wá.

Òfìfo ni mo kọ́kọ́ fẹ́ ká gbé kúrò nílẹ̀. Ohun tó yẹ kó wà tí kò sí la fi ń sọ pé nǹkan jẹ́ òfìfo. Ẹni tó ti oko dé láìmú nǹkan bọ̀, ọwọ́ òfìfo ló gbé wálé. Àgbá òfìfo ló sì ń pariwo. Kí ló wá sọnù nínú jìtá yìí? Afẹ́fẹ́ tó wà níbẹ̀ ni wọ́n dìídì fi síbẹ̀ láti bá okùn ṣiṣẹ́. A ò pe agídìgbo ní àpótí òfìfo rí, bẹ́ẹ̀ ni a ò pe dùndún ní igi òfìfo. Ẹ fojú inú wo oníbàárà tó ka "jìtá òfìfo" lára páálí ní ìsọ̀: ohun tí yóò kọ́kọ́ bèèrè ni pé ibo ni ẹ̀rọ inú rẹ̀ wà.

"Oníhò" ní ẹ̀sẹ̀ tirẹ̀. Ihò méjì tó rí bí lẹ́tà f lójú jìtá ni ẹni tó dá a lábàá ń wò, ó sì rọrùn láti rí. Ṣùgbọ́n ihò àti àyè inú kì í ṣe nǹkan kan náà. Jìtá tí Gibson, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe jìtá, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe lórúkọ B.B. King, gbajúmọ̀ olórin blues, ní 1980, tí wọ́n ń pè ní Lucille, kò ní ihò kankan lójú, síbẹ̀ àyè wà nínú rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. B.B. King fúnra rẹ̀ ti máa ń ki aṣọ bọ ihò àwọn jìtá tó ń lò tẹ́lẹ̀ kó má bàa máa han mọ́ ọn lórí, ìyẹn kó má bàa máa ké fúnra rẹ̀. Èyí tó wá pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti Gretsch: Country Gentleman tí wọ́n ṣe fún Chet Atkins, gbajúmọ̀ olùlù jìtá, ọ̀dà ni wọ́n fi ya ihò sí ojú rẹ̀! Ihò kíkùn. Ẹni tó bá fi ihò mọ jìtá yóò ṣi Lucille pè, yóò tún ṣi Country Gentleman pè, ní ọ̀nà méjì tó yàtọ̀ síra.

"Oníkùn" ló wù mí jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó dùn lẹ́nu, ó sì ní ẹ̀fẹ̀ díẹ̀ nínú. Àmọ́ ẹni tó yọ ikùn síta là ń pè ní oníkùn, nígbà tí ikùn Casino kò tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún láti iwájú dé ẹ̀yìn. Tí a bá tún dé orí semi-hollow, a ó máa wá sọ pé jìtá náà ní igi nínú ikùn, èyí tó dún bí àìsàn.

Kí ló dé tí a ń wá orúkọ kiri, nígbà tí orúkọ wà lẹ́nu àwọn ará àdúgbò? Láti Èkó dé Ìbàdàn, ẹ bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó ń lu jìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì pé kí ni jìtá tí kò lo iná, yóò ní bọ́ọ̀sì gìtá (box guitar) ni. Àpótí. Wọ́n ti mú ara jìtá náà gẹ́gẹ́ bí àpótí kí a tó dé ibí. Ohun tó kù fún wa ni ká fi ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ kan lé e: jìtá oníná alápòótí. Ẹni tó mọ bọ́ọ̀sì gìtá kò ní nílò àlàyé, yóò kàn mọ̀ pé bọ́ọ̀sì gìtá tó ní píkọ́ọ̀pù (ẹ̀rọ kékeré tó ń gbé ìró okùn lọ sí ámpù, ẹ̀rọ tó ń sọ ohùn di ńlá) tí wọ́n kàn mọ́ ọn lára ni. Ìtàn jìtá oníná nínú orin jùjú pàápàá, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀: ní 1949, Àyìndé Bákàrè lẹ makirofóònù mọ́ ara jìtá alápòótí kí ohùn rẹ̀ lè borí ìlù.

Ẹ̀gbọ́n wa kan yóò ní àpótí ní igun mẹ́rin, jìtá sì ní ìbàdí. Mo gbà. Ṣùgbọ́n Yorùbá kì í fi igun mọ àpótí. Pákó tí a kàn pọ̀ títí ó fi ní inú là ń pè bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n sì ṣe ń ṣe jìtá wọ̀nyí nìyẹn. Wọn kì í gbẹ́ wọn bí a ti ń gbẹ́ ìlù láti inú igi ọmọ̀. Pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ra ní ìpele-ìpele, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi tẹ̀ kọ́dọ́rọ́, wọ́n á wá fi ẹ̀gbẹ́ yí i ká. Àwọn jìtá olówó ńlá kan wà tí wọ́n ń gbẹ́ ojú wọn láti ara igi kan ṣoṣo lóòótọ́, àmọ́ kò sí ọ̀kan nínú wọn lára márùn-ún tí àbúrò wa tò.

Ó wá ku semi-hollow, ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ bá ẹ̀gbọ́n wa jiyàn, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ẹ̀gbọ́n, "ààbọ̀ òfìfo" yóò jẹ́ kí èèyàn rò pé wọ́n gé àyè inú rẹ̀ sí méjì, wọ́n dá apá kan sí, wọ́n di apá kejì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú AS73 àti G2622, igi gbọọrọ kan ló gba àárín láti ìdí ọrùn dé ìdí jìtá, ó kan ojú, ó kan ẹ̀yìn. Àyè wà lápá ọ̀tún rẹ̀, àyè wà lápá òsì. Igi yẹn ni ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀, òun ló sì yẹ kí orúkọ dárúkọ. Àwọn ará Jámánì ń pe ọ̀kan ní Vollresonanz, wọ́n ń pe èkejì ní Halbresonanz, ìyẹn ìró kíkún àti ìró ìlàjì. Àwọn náà ti ṣubú sínú "ìlàjì", a ò ní láti tẹ̀ lé wọn síbẹ̀.

Mo dá a lábàá pé ká pe igi yẹn ní ìtì, ká sì pe jìtá tó ní in ní jìtá onítì. Ìtàn wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní bí 1940, Les Paul, olùlù jìtá kan ní Amẹ́ríkà, mú ìtì igi páìnì kan, ó fi ọrùn jìtá àti píkọ́ọ̀pù sí i, ó sì ń lù ú bẹ́ẹ̀. Ojú kò gbà á. Ló bá fi ayùn la jìtá alápòótí Epiphone kan sí méjì, ó lẹ ìdajì kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ó lẹ èkejì mọ́ ẹ̀gbẹ́ òsì, kó lè jọ jìtá lójú àwọn èèyàn. "The Log" ni wọ́n ń pè é di òní, ìtì gan-an. Nígbà tí Gibson gbé ES-335 jáde ní 1958 pẹ̀lú igi maple ní àárín rẹ̀, ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà: ìtì ní àárín, àpótí ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Epiphone Dot àti AS73, àtẹ̀lé ES-335 ni wọ́n. Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò fi ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò tó pọ́n àdá sí bú mi. Ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe ìtì maple.

Ẹ jẹ́ ká wá fi orúkọ méjèèjì wọ̀nyí rajà, ká wò ó bóyá wọ́n wúlò.

Alápòótí: AF75, Casino, G2420. Onítì: AS73, G2622. (Ti G2622, wọ́n tún gbẹ́ àyè sínú ìtì náà kó lè fúyẹ́, onítì náà ni.) Ọ̀pọ̀ ìsọ̀ ló ń ta Casino gẹ́gẹ́ bíi semi-hollow, torí pé ó fẹ́lẹ́, ó sì jọ ES-335. Kò sí ìtì kankan nínú rẹ̀ láti 1961 tó ti jáde. Torí náà, ẹ má ṣe jẹ́ ká da fífẹ́lẹ́ pọ̀ mọ́ ìtì. ES-175 tí Gibson ṣe ní 1949 jìn ju sẹ̀ǹtímítà 8 lọ, alápòótí ni. Casino kò tó 5, alápòótí náà ni. "Alápòótí fẹ́lẹ́" tó fún Casino.

Híhan ni ìdí tí ìyàtọ̀ yìí fi ń náni lówó. Fíídìbáàkì ni àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ń sọ, ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ "ó ń han" lẹ́nu àwọn akọrin tó pọ̀, ó sì tó mi. Ohùn ámpù ń lu ojú jìtá, ojú jìtá ń gbọ̀n, okùn ń bá a gbọ̀n, píkọ́ọ̀pù ń gbé e padà fún ámpù, ámpù ń sọ ọ́ di ńlá, títí tí gbogbo rẹ̀ yóò fi di igbe kan ṣoṣo. Ìtì àárín kì í jẹ́ kí ojú jìtá gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń lu jìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì ńlá, tí gbohùngbohùn bíi kọ́bọ́ọ̀dù wà lẹ́yìn rẹ̀, onítì ni kó rà, AS73 tàbí G2622, kí ó má wulẹ̀ ronú sí i. Ẹni tó ń lù ú nínú yàrá, tàbí tó ń gbà á sílẹ̀ fún rẹ́kọ́ọ̀dù, alápòótí yóò dùn mọ́ ọn: ohùn rẹ̀ máa ń ta, kì í sì í pẹ́ kó tó rọlẹ̀. Ní etí tèmi, ìyẹn gan-an ló bá jùjú mu, níbi tí jìtá mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti ń dá ara wọn lóhùn, tí kò yẹ kí ohùn ọ̀kan fà kó di èkejì lójú. Ẹni tó bá fẹ́ kí ohùn kan fà gùn, kó lọ sọ́dọ̀ onítì.

Àmì kan tún wà tí ojú lè rí láti ìta. Nínú AS73 àti G2622, irin tó di ìdí okùn mú, orí ojú jìtá ni wọ́n dè é sí, torí pé ìtì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tí ìdè yóò wọ̀. Nínú Casino, AF75 àti G2420, irin náà nà lọ dé ìdí jìtá, etí rẹ̀ ló ti rọ̀ mọ́ ọn. Àmì yìí ń tanni nígbà míì, torí láti bí ọdún 1965, Gibson fi irú irin gígùn yẹn sí ES-335 pẹ̀lú ìtì rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Fún márùn-ún tó wà nílẹ̀ yìí, kò tanni. Kí ẹni tó bá ra AF75 sì mọ̀ pé afárá rẹ̀ (ohun tí okùn gùn lé lójú jìtá) kò ní ìdè, ńṣe ni okùn tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Kí ó má tú gbogbo okùn lẹ́ẹ̀kan náà tó bá fẹ́ pààrọ̀ wọn. Bí afárá bá ti sún, ohùn á yà kúrò lójú ọ̀nà lókè ọrùn.

Fún èyí tó jẹ́ pákó dídì látòkè délẹ̀, irú Stratocaster, "jìtá onípákó" tó. Ẹnì kan ní gbogbo jìtá ló ní pákó. Lóòótọ́ ni, gbogbo ilé ló sì ní ilẹ̀, síbẹ̀ a ń pe àwọn kan ní onílẹ̀.

Lórí bóyá gìtá ni tàbí jìtá, mo ń kọ jìtá torí bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà. Kí àbúrò wa kọ èyí tó bá wù ú, kó má sáà kọ méjèèjì sínú ìwé kan.

Ọ̀kan ṣì wà tí orúkọ méjèèjì wọ̀nyí kò mú. G5420T ti Gretsch tí wọ́n ń tà nísinsìnyí kò ní ìtì gbọọrọ, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àpótí lásán: igi kan tí wọ́n yọ ẹsẹ̀ sí lára, bí ẹsẹ̀ àga, ló dúró nínú rẹ̀, ó kan ojú àti ẹ̀yìn níbi ẹsẹ̀ wọ̀nyẹn nìkan. Owó rẹ̀ fi díẹ̀ ga ju àwọn márùn-ún yẹn lọ, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ka ìtọ́sọ́nà náà yóò bèèrè rẹ̀. "Alápòótí ẹlẹ́sẹ̀" ló wá sí mi lọ́kàn, àmọ́ ó ń bà mí lẹ́rù pé wọ́n á rò pé jìtá náà ń dá dúró nílẹ̀. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ gbé e wá.