Ọjọ́ tí mo lọ kí Ìyá Ìbejì l'Abẹ́òkúta

Èmi àti Ìyá Ìbejì la jọ ṣe àgùnbánirọ̀ ní Kàtsínà. Látìgbà tó ti relé ọkọ l'Abẹ́òkúta ló ti ń bínú pé n kì í wá kí òun. Sátidé tó kọjá, mo wọ ọkọ̀ ojú irin l'Agége, mo sọ̀ ní Ládẹ̀rin. Bó ṣe rí mi ló pariwo: "Háà, o mà ti sanra o!" Níwájú gbogbo èrò.

Olúmọ la kọ́kọ́ lọ. Ẹ wá gbọ́ o: ọmọ Ẹ̀gbá gidi, àtìgbà tó wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló ti gun òkè náà kẹ́yìn! Ó fẹ́ ká wọ lífítì, mo ní ó di èèwọ̀, ẹsẹ̀ la ó fi gùn ún. Bẹ́ẹ̀ ló sì yẹ kó rí. A gba àárín àpáta méjì kan tó fún, Ìyá Ìbejì sì há díẹ̀ (èmi kọ́ ni mo sanra jù nígbà náà). A bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ àpáta tí àwọn Ẹ̀gbá sá sí nígbà ogun, lẹ́yìn tí Ṣódẹkẹ́ kó wọn débẹ̀ ní 1830. Lókè téńté, òrùlé páànù tó ti dípẹtà ló lọ salalu, Odò Ògùn wà lọ́ọ̀ọ́kán.

Ó dára, àmọ́ ká sọ tòótọ́, Ìtokú, ọjà àdìrẹ, ló dùn mọ́ mi jù. Ìyá kan tí ọ̀rẹ́ mi ń ra àdìrẹ lọ́wọ́ rẹ̀ mú wa dé àgbàlá tí wọ́n ti ń pa aṣọ láró. Wọ́n ti gé fóòmù bí ẹyẹ. Màmá ń rì í bọ àbẹ́là tó yọ́ lórí iná, ó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ funfun, pàtì, pàtì. Ibi tí àbẹ́là bá wà, aró ò ní mú un. Bí aṣọ ṣe jáde nínú aró, ó dà bí ewé tútù. Atẹ́gùn fẹ́ sí i díẹ̀, ó di búlúù lójú wa. Omi gbígbóná ni wọ́n fi ń yọ àbẹ́là náà. Wọ́n ní kí n tẹ tèmi. Màmá wò ó, ó ní, "Ọmọ mi, ẹyẹ tìẹ yìí ti mu ẹmu."

Màmá náà ló kọ́ wa pé ká máa yí aṣọ wo ká tó sanwó. Àdìrẹ tòótọ́ máa ń mu aró tẹ̀yìn tẹ̀yìn. Èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ wá láti òkè òkun sábà máa ń ṣì lẹ́yìn. Owó tiwọn kéré, ìyẹn ló ń ba ọjà àwọn aláró jẹ́.

Lálẹ́, láfún àti ewédú ló gbé ka iwájú mi. Èmi ọmọ Ìjẹ̀bú! Mo bèèrè ẹ̀bà, ọkọ rẹ̀ ní kò sí gààrí nílé àwọn. Mo jẹ ẹ́, mo tún bu kún un. Ilé ìkàwé Ọbásanjọ́ l'Òkè-Mosàn tá a fẹ́ lọ wo ẹranko, a ò débẹ̀ mọ́. Ìyá aláró ni kẹ́ ẹ bi.