Òkè Lisbon fẹ́ ṣẹ́ mi lẹ́sẹ̀, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Káyọ̀dé Coventry:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú mi, inú ti ń bí mi tẹ́lẹ̀. Lisbon ni mo wà báyìí. Gbogbo àwọn tó ń yin ìlú yìí fún mi, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó sọ pé orí òkè ni wọ́n kọ́ ọ sí. "Oúnjẹ ńbẹ̀ dùn, owó bàálù kò wọ́n." Òótọ́ ni. Àtẹ̀gùn ńkọ́? Àdúgbò Graça ni hostel tí mo dé sí wà, àjà kẹrin, kò sí lift. Lánàá, mo bọ́ọ́lẹ̀ nínú metro ní Martim Moniz, fóònù ní kí n fi ẹsẹ̀ rìn ín, pé kò jìnnà. Kò jìnnà sí ta ni? Òkúta funfun kéékèèké ni wọ́n tò sójú ọ̀nà, òjò wínníwínní ń rọ̀ sí i, ó ń yọ̀ bí ilá. Mo di ògiri onílé mú kí n má bàa fìdí balẹ̀. Okùn báàgì ti bó mi léjìká. Òyìnbó kan tó ju bàbá mi lọ kọjá lára mi tòun ti báàgì ẹ̀yìn tiẹ̀, ó ń súfèé! Mo wọlé, ọmọbìnrin tó ń gba àlejò wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n sì ní tí mo bá kó jáde, wọn ò ní dá owó mi padà.

Ìbéèrè mi nìyí: ṣé kí n gbàgbé owó yẹn kí n wá ibòmíràn, àbí ọ̀nà kan wà téèyàn fi ń rí ìlú yìí láìkú?

Ìyá Ìbejì Amadora:
Káàbọ̀ o, àbúrò mi. Ọjọ́ mélòó lo fẹ́ lò? Kílò mélòó ni báàgì yẹn? Tí o kò bá dá wa lóhùn, a kàn máa sọ̀rọ̀ sáfẹ́fẹ́ ni.

Àwa tá à ń gbé ibí kì í fẹsẹ̀ gun gbogbo òkè yẹn. Tí o bá ń lọ sí Castelo de São Jorge, ilé olódi àtijọ́ orí òkè yẹn, má gbéra láti Baixa, ìsàlẹ̀ ìlú, kí o sì kọjú sí òkè bí ẹni ń lọ sójú ogun. Lọ sí Rua dos Fanqueiros, lift kan wà nínú ilé kan níbẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, Rua da Madalena ló máa já ọ sí. Sọdá síwájú díẹ̀, wàá rí òmíràn ní Chão do Loureiro, ọ̀fẹ́ nìyẹn náà, ó máa gbé ọ dé Costa do Castelo. Tí o ò bá fẹ́ ìyẹn, bọ́ọ̀sì 737 ń gbéra ní Praça da Figueira. Tó bá sì jẹ́ àdúgbò Chiado lò ń lọ, wọ ibùdó metro Baixa-Chiado láti ìsàlẹ̀, kí o jẹ́ kí àtẹ̀gùn oníná gbé ọ jáde sókè. Ìwọ ṣáà dúró, yóò máa gbé ọ lọ.

Lékan Peckham:
Ọ̀rọ̀ òkè yìí, ẹ fi sílẹ̀ fún mi. Ní Edinburgh, ìyàwó mi ní ká gun Arthur's Seat lẹ́yìn ìsìn. Mítà 251 péré ni, mo ní kí leléyìí já mọ́. Bàtà ṣọ́ọ̀ṣì ló wà lẹ́sẹ̀ mi o. Atẹ́gùn wá gbé fìlà mi lọ, fìlà aṣọ òkè tí àna mi fún mi! Títí di òní, ìyá náà ṣì ń bèèrè fìlà yẹn. Àbúrò, fara balẹ̀. Kí o sì mọ̀ pé búrẹ́dì àti ólífì tí wọ́n máa ń gbé síwájú èèyàn ní Portugal, kì í ṣe sàárà. Tí o bá ti jẹ ẹ́, wàá sanwó ẹ̀.

Ọmọ Ìbàdàn Gidi:
Òkè méje ni wọ́n ní Lisbon ní. Méje náà ni wọ́n ní Ìbàdàn ní. Ta ló ń sunkún lórí íntánẹ́ẹ̀tì torí pé ó gun Mọ́kọ́lá? Wọ tíráàmù 28 ní Martim Moniz níbẹ̀ yẹn, Graça ló ń gbà kọjá. Ọ̀rọ̀ tán.

Ìyá Ìbejì Amadora:
Ọmọ Ìbàdàn, ìgbà wo lo wọ 28 kẹ́yìn?

Ọmọ Ìbàdàn Gidi:
Mo rí i lórí YouTube, mà.

Ìyá Ìbejì Amadora:
Mo mọ̀. Àwọn tó ń tò dè é ní Martim Moniz á fẹ́rẹ̀ẹ́ kún ṣọ́ọ̀ṣì kan. Tí o bá sì wọlé tán, àwọn jáwójáwó ti ń dúró dè ọ́. Àárọ̀ kùtù ni wọ́n ń wọ̀ ọ́, báàgì á sì wà níwájú, kì í ṣe lẹ́yìn. Àwọn ọkọ̀ kékeré orí irin tó ń gun òkè ńkọ́? Lẹ́yìn ìjàǹbá ọ̀kan nínú wọn, Glória, ní September 2025, tó pa èèyàn 16, wọ́n dá gbogbo wọn dúró kí wọ́n lè yẹ̀ wọ́n wò. Nítorí náà, kí o bèèrè ní hostel kí o tó gbọ́kàn lé èyíkéyìí.

Àdùkẹ́ Nọ́ọ̀sì:
Fi omi tútù wẹ ẹsẹ̀, gbé e lé orí ìrọ̀rí. Èmi ṣì ń bèèrè ohun tí Ìyá Ìbejì bèèrè o: báàgì. Ẹni tó ti dé hostel láti àná, kí ló tún ń gbé kiri tí okùn fi ń bó o léjìká?

Káyọ̀dé Coventry:
Ẹ ṣé gan-an, mà, lórí ọ̀rọ̀ lift yẹn. Ọmọ Ìbàdàn, Abẹ́òkúta ni wọ́n bí mi sí, ẹ má fi òkè dẹ́rù bà mí. Máàpù kì í fi gíga hàn, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mi ò wo máàpù. Graça ni mo yàn torí òun ló dín owó kù, ẹni tó bá fẹ́ sanwó Baixa fún mi, kó fi ránṣẹ́. Mo dé Miradouro da Senhora do Monte, ibi tí wọ́n ti ń wo ìlú látòkè, láàárọ̀ yìí. Odò Tejo ń dán yanran lọ́hùn-ún, Castelo wà níwájú mi, òrùlé pupa àwọn ilé lọ salalu. Inú mi kàn dùn fún ìgbà díẹ̀ ni, báàgì tún rán mi létí ara ẹ̀.

Àdùkẹ́ Nọ́ọ̀sì:
O tún gbé báàgì dé Senhora do Monte?

Lékan Peckham:
Báàgì kí ni gan-an?

Káyọ̀dé Coventry:
Kílò mọ́kàndínlógún ni. Mi ò lè fi í sílẹ̀ ní hostel torí kì í ṣe ẹrù tèmi nìkan ló wà nínú ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní kí n bá àwọn fún àbúrò wọn ní páálí kan. Àwọn náà ló kúkú san owó bàálù mi. Wọ́n ní kí n dúró de àbúrò náà ní iwájú ṣọ́ọ̀ṣì São Domingos lẹ́bàá gbàgede Rossio. Mo dúró títí, kò yọjú, kò gbé fóònù. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ̀ tí mo ń gùn.

Lékan Peckham:
ÀWỌN LÓ SAN OWÓ BÀÁLÙ??

Àdùkẹ́ Nọ́ọ̀sì:
Yéè! Ọ̀rọ̀ òkè kọ́ là ń bá bọ̀ látàárọ̀! Káyọ̀dé, ṣé ìwọ lo di páálí yẹn? Ṣé o ti tú u wò?

Káyọ̀dé Coventry:
Wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ pa kí wọ́n tó gbé e fún mi. Ẹ má ba àwọn ẹ̀gbọ́n yẹn lórúkọ jẹ́ o, inú ẹgbẹ́ akọrin ni wọ́n wà.

Ọmọ Ìbàdàn Gidi:
Ẹgbẹ́ akọrin! Má fọwọ́ kàn án mọ́. Pe ọlọ́pàá.

Lékan Peckham:
Kó pe ọlọ́pàá sọ pé kí ni? Pé òun gbé ẹrù tí òun ò mọ̀ sọdá òkun? Kó sọ ọ́ nù.

Ọmọ Ìbàdàn Gidi:
Kámẹ́rà ńkọ́? Bọ̀dá Lékan, fìlà yẹn ni kí ẹ máa wá kiri.

Alámòójútó:
Ẹ dákẹ́ èébú, ẹ jọ̀ọ́. Ẹni tí kò bá ní ìmọ̀ràn, kó máa wòran.

Ìyá Ìbejì Amadora:
Káyọ̀dé, gbọ́ mi dáadáa. Pe ọmọbìnrin tó ń rẹ́rìn-ín yẹn, jẹ́ kó jókòó tì ọ́, tan fídíò fóònù rẹ, kí o tú páálí náà lójú ẹ̀. Tí o bá rí ohun tí kò yé ọ, má fọwọ́ kàn án, kí ẹ jọ pe PSP, àwọn ni ọlọ́pàá ìlú. Tó bá sì jẹ́ oúnjẹ ni, àlàáfíà.

Ní ti São Domingos, kì í ṣe ibi ẹ̀tàn. Ibẹ̀ làwa aláwọ̀ dúdú ti ń pàdé ara wa tipẹ́, pàápàá àwọn ará Guinea-Bissau. Wọ́n ń ta ẹ̀pà, wọ́n ń tàkúrọ̀sọ. Ṣọ́ọ̀ṣì yẹn jóná lọ́dún 1959, bí o bá wọ inú ẹ̀, wàá ṣì rí àpá iná lára àwọn òpó. Ṣùgbọ́n pé ibẹ̀ dára kò sọ pé ẹni tí o kò mọ̀ dára. Rélùwéè Amadora já sí Rossio tààrà. Ọ̀la lẹ́yìn iṣẹ́, mo ń bọ̀. Má dá gbé nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni.

Àdùkẹ́ Nọ́ọ̀sì:
Ní pápákọ̀ òfuurufú, wọ́n ò bi ọ́ bóyá ìwọ lo di ẹrù rẹ? Kí lo fèsì?

Káyọ̀dé Coventry:
Mo ti tú u. Gàrí, ẹja gbígbẹ, pọ̀nmọ́ gbígbẹ, àti ọmọ ọlọ kan. Ọmọ ọlọ o! Òkúta ni mo ń gbé gun òkè òkúta! Ọmọbìnrin yẹn di igbá àyà rẹ̀ mú, ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n náà wá pè, wọ́n ń bínú pé ta ló ní kí n tú ẹrù oníẹrù. Wọ́n ní fóònù àbúrò wọn ló sọnù.

Ìyá Ìbejì Amadora:
Ká dúpẹ́. Àmọ́ wọn kì í gba ẹran àti wàrà wọlé láti Britain mọ́ o, ẹran sì ni pọ̀nmọ́. Orí ló yọ ọ́. Fi ọmọ ọlọ sílẹ̀ fún wọn ní hostel, gbé gàrí nìkan wá sí Rossio. Kí àbúrò wọn wá fẹsẹ̀ ara ẹ̀ gun òkè wá gbé e.

Káyọ̀dé Coventry:
Ẹ ṣé, mà. Ṣé kí n wá sọ pọ̀nmọ́ yẹn nù, àbí ká sè é?

Àdùkẹ́ Nọ́ọ̀sì:
Káyọ̀dé, gàrí yẹn, ṣé o ti dà á jáde tán, àbí ojú ẹ̀ nìkan lo wò?

Káyọ̀dé Coventry:
Ẹ jẹ́ n wá abọ́.