DVD tí mo kọ ò ṣiṣẹ́ lórí pléyà màmá mi

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí o. Mo kọ fídíò ìsìnkú bàbá wa sórí DVD+R, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí kọ̀ǹpútà mi, àmọ́ tí mo bá ti kì í bọ pléyà àtijọ́ tó wà lọ́dọ̀ màmá mi n'Íbàdàn, á kàn máa pariwo kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, á wá kọ NO DISC. Mo ti fi aṣọ nù ún, mo ti ṣe finalize ẹ̀ (ìyẹn pípa díìsì dé kí pléyà míì lè kà á), mo tún kọ òmíì sórí DVD-RW (èyí tí a lè pa rẹ́ ká tún kọ), pàbó ló já sí. DVD-R nìkan ni wọ́n kọ sára pléyà yẹn, mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé plus (+) àti minus (-) tó wà lára orúkọ díìsì yàtọ̀ síra tẹ́lẹ̀. Màmá ò fẹ́ gbọ́ nípa fláàṣì rárá. Ṣé kí n lọ ra DVD-R, àbí pléyà tuntun ni kí n kúkú rà? Ẹ má bínú pé ó gùn, ẹ ṣé gan-an.