Ṣé kí n gbé exit Tor kalẹ̀ ní Òṣogbo? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Òkè-Fìà ni mo wà, mo fẹ́ máa rọ́ọ̀nù relay (kọ̀ǹpútà tó ń tari ìsọfúnni ẹlòmíì síwájú) fún Tor, ìyẹn nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń fi ẹni tó ń lo ìntánẹ́ẹ̀tì pa mọ́, torí látìgbà tí gọ́mẹ́ńtì ti Twitter pa ní 2021 ni mo ti rí i pé ó yẹ káwọn èèyàn ní ọ̀nà míì tí wọ́n á máa gbà sọ̀rọ̀ láìsẹ́ni tó ń ṣọ́ wọn.

Ti relay àárín ò bà mí lẹ́rù, IP ẹ̀ (nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá ẹ̀rọ mọ̀ lórí ìntánẹ́ẹ̀tì) kì í hàn sí sáìtì téèyàn lọ. Exit, ìyẹn relay ìkẹyìn tó ń já sí sáìtì, lọ̀rọ̀ wà! Ohunkóhun tẹ́lòmíì bá ṣe, IP tèmi ni wọ́n máa rí, yahoo boy lè gbabẹ̀ lu jìbìtì kí EFCC wá kan ilẹ̀kùn wa ní kùtùkùtù, kí wọ́n kó kọ̀ǹpútà, kó fóònù, títí kan ti ìyàwó mi. Ní Rọ́ṣíà wọ́n mú Dmitry Bogatov, olùkọ́ ìṣirò, ní 2017 torí exit tó ń rọ́ọ̀nù nílé, 2018 ni wọ́n tó fa ẹjọ́ náà tì. Àwọn Tor gan-an ní kéèyàn má gbé exit sílé.

Mo wá ní kí n háyà sáfà lókè òkun. Ṣùgbọ́n section 38 òfin Cybercrimes ti 2015 ní kí service provider tọ́jú àkọsílẹ̀ traffic fún ọdún 2, relay Tor kì í sì í tọ́jú ohun tó gbabẹ̀ kọjá. Ṣé èmi náà ti di service provider nìyẹn? Ẹ̀yin lọ́yà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn. Ṣé kí n fi orúkọ ara mi háyà ẹ̀ àbí kí n kọ́kọ́ rẹ́jísítà kọ́ńpìnnì? Ìyàwó mi ò tíì gbà o.