Àbọ̀ ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà géèmù tí mo bèèrè

Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ dá mi lóhùn nígbà tí mo bèèrè bóyá kí n ra kọ̀ǹpútà géèmù tí wọ́n ti tò tán, èyí tó ní RTX 4060, ìyẹn káàdì tó ń gbé àwòrán géèmù jáde. Mi ò rà á mọ́. Káàdì yẹn fúnra rẹ̀ dára, iná tó ń jẹ kò ju 115 wáàtì lọ. Mọ́dábọ́ọ̀dù (pátákó tí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà so mọ́) àti páwà (ẹ̀yà tó ń pín iná fún wọn) rẹ̀ ló lé mi sá: ilé iṣẹ́ tó to kọ̀ǹpútà yẹn nìkan ló ń ṣe irú wọn, bí iná bá sì jó wọn, níbo la ti fẹ́ rí òmíràn ní Computer Village? Ráàmù 16GB rẹ̀ náà (ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ sí), ẹyọ kan ṣoṣo ni. Ẹyọ 8GB méjì máa ń yá jù ú lọ. Ẹ̀gbọ́n kan n'Íkẹjà ti ń bá mi to tèmi, káàdì kan náà ni mo ní kó lò.